Orúkọ Odette Lórí Ẹ̀rọ Funfun

Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ìlà àkọ́kọ́ bèèrè pé, "Níbo ni àwọn ọmọ wa wà?" Ìlà ìkẹyìn tún bi ìbéèrè kan náà. Àwọn ìlà tó wà láàárín ní kí ìjọba sọ ibi tí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, àwọn tí wọ́n gbé ní Kùtọ̀nú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì ìrìn àjò àwọn Kátólíìkì sí òkè Àrìgbó ní ọdún 1988, wọ́n bá ìwé náà lára òpó ọjà Ìdáàṣà, wọ́n sì bá a lára ilẹ̀kùn ilé Ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba. Bébà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ní ihò wẹ́wẹ́ létí méjèèjì. Ní gbogbo ìlú, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń lo irú bébà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé orí òkè.

Ní Ọjọ́rú, Kọmisẹ́ẹ̀ Nicolas, ọ̀gá ọlọ́pàá, dé láti Kùtọ̀nú, ọkùnrin kúkúrú tí kì í gbé ohùn sókè. Ó jókòó ti Ẹ̀rọ Funfun, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ayárabíàṣá méjì tí ilé-iṣẹ́ náà ní. Kò pé wákàtí kan tó fi rí ìwé náà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn a máa fi orúkọ ẹni tó ni nǹkan hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí ni Odette.

Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n mú Odette lórí àga iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni yóò gbé e lọ.

Jímọ̀ ni ọ̀gá àwọn jandámù, àwọn ọlọ́pàá ìlú náà, ẹni tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ku oṣù mẹ́rin. Òun ni wọ́n ní kó buwọ́ lu ìwé pé wọ́n mú ọmọbìnrin náà. Ó buwọ́ lù ú, nítorí iṣẹ́ ni. Ìyá Odette ni àbúrò Isabelle, ìyàwó Jímọ̀ tó kú ní ọdún tó kọjá. Oṣù mẹ́jọ ni Isabelle fi dùbúlẹ̀ àìsàn kó tó lọ, Odette ló sì ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Jímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Kọmisẹ́ẹ̀ ti gbọ́ nípa àjọṣe náà. Ó wo Jímọ̀ títí.

"Kamaráàdì Jímọ̀, ṣé ẹ ó lè ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe é."

"Ó dáa. Títí di aago mẹ́rin, ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀rọ kì í parọ́ o."

Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀ nígbà náà.

*

Odette jókòó sórí àpótí ní àgọ́ jandámù, ọwọ́ rẹ̀ lórí eékún. Kò sunkún. Ó ní òun kò kọ ìwé kankan. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àkókò yẹn òun wà láàárín àwọn akọrin ní Àrìgbó, lójú gbogbo ènìyàn.

Jímọ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó ti gun òkè náà ní ọjọ́ Àìkú, ó ti dúró lẹ́yìn èrò, nítorí pé ọdọọdún ni Isabelle ń tan àbẹ́là níbẹ̀, ó sì rò pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ tan án. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí Odette tó ń kọrin.

Ó ti sọ ọ́ fún Kọmisẹ́ẹ̀. Èsì tó gbà ni pé kò sí ẹni tó ń wọ inú ẹ̀rọ láìní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Bí Odette bá wà ní Àrìgbó, a jẹ́ pé ó fún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ẹni méjì ló sì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tó yẹ kó tú u sílẹ̀ ṣe tún fa okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ?" ni Jímọ̀ bi í.

"Bàbá, Félicité mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Félicité."

*

Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé Jímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kànga ni Léonard, ẹnjiníà tó ń ṣe olórí ibẹ̀. Òun àti Jímọ̀ jọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Léonard jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, irun orí rẹ̀ sì ti funfun tán láàárín ọdún díẹ̀. Ó bọ Jímọ̀ lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun wọra. Jímọ̀ béèrè ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń béèrè.

"Ó wà ní Moscow níbi ẹ̀kọ́ rẹ̀," ni Léonard wí. "Ó ní òtútù ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ."

Ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Félicité kò sẹ́. Ìdí tábìlì kan náà ni òun àti Odette jọ ń jókòó, òun sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Jímọ̀ ní kó sọ ọ́. Ó wolẹ̀.

"Isabelle ni, Bàbá."

Jímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀ bí ẹni ń kọ orúkọ àjèjì, ó sì bi í níbi tó wà ní ọjọ́ Àìkú. Ó wà ní ìpàdé àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ ìjọba ní Soclogbo, láti ọ̀sán títí di àṣálẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí wọ́n kọ níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn dí.

Félicité ló wá fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Gbogbo ẹni tó bá wọ Ẹ̀rọ Funfun ni ẹ̀rọ náà ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú aago tó wọlé àti aago tó jáde. Ó ti wò ó. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Odette kò wọlé, ẹlòmíràn kò sì lo orúkọ rẹ̀ wọlé.

"Ìwé náà wá kọ ara rẹ̀ bí?"

"Ohun tí mo ń rò láti àná nìyẹn, Bàbá. Mo sọ ọ́ fún Kọmisẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ti mọ bí òun ṣe máa pa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́."

Jímọ̀ bèèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí nǹkan lè gbà dénú ẹ̀rọ náà. Félicité tọ́ka sí okùn dúdú kan tó wọ inú ògiri lọ. Ní yàrá kejì, ó ní, Ẹ̀rọ Eérú wà níbẹ̀, tí wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ pè. Ilẹ̀ Faransé ni Ẹ̀rọ Funfun ti wá. Ilẹ̀ Jámánì ni Ẹ̀rọ Eérú ti dé ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìdílé kan náà ni wọ́n, ìdílé tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì, wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀, bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n tọ́ ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú Ẹ̀rọ Eérú kò gba ẹrù púpọ̀, nítorí náà inú Ẹ̀rọ Funfun ló ń kó ẹrù rẹ̀ sí, láti inú okùn yẹn.

"Ṣé òun náà ń kọ ẹni tó wọlé sílẹ̀?"

"Ó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nítorí àyè, Ọ̀gá Léonard ń nù ún kúrò ní gbogbo ọjọ́ Ajé."

Aago méjìlá lù ní ilé ìjọsìn. Jímọ̀ mọ̀ pé òun kò tíì ní ohunkóhun lọ́wọ́.

*

Ràmọ́nù tó ń tọ́jú ilé ẹrù ló fún un ní nǹkan, kò sì mọ̀ pé òun fún un. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárín páìpù àti ẹ̀rọ omi, ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ní kí Jímọ̀ wá bá òun jẹ ẹ́. Jímọ̀ kọ̀, ó dúpẹ́.

"Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ wọ̀nyẹn o," ni Ràmọ́nù wí. "Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní èmi ni mo kọ ìròyìn kànga Lèma. Èmi tí mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí, àfi ọjọ́ tí a jọ gbé e wọlé. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ gàdàgbà. Àwọn ọmọbìnrin yẹn fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní Bàbá Ràmọ́nù ti di akọ̀wé. Mo ní kí wọ́n fi owó akọ̀wé kún owó mi nígbà náà."

Jímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó padà wọlé, ó bi Félicité ẹni tó kọ ìròyìn kànga Lèma.

"Èmi ni, Bàbá."

"Lórí ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ Eérú. Wọ́n ń lo Ẹ̀rọ Funfun lọ́jọ́ náà."

Ó ní kó mú òun lọ sí yàrá kejì. Lára ògiri, lókè Ẹ̀rọ Eérú, wọ́n lẹ bébà kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ dáadáa. Orúkọ òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jímọ̀ ka orúkọ tó wà lókè pátápátá, ó tún un kà. Àyìndé ni, 101. Àyìndé ni bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò mọ̀wé.

"Kí ni Bàbá Àyìndé ń fi nọ́ńbà ẹ̀rọ ṣe?"

Félicité rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò fi ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Ọ̀gá Léonard fẹ́ kọ orúkọ wa sórí Ẹ̀rọ Eérú, ojú tì í láti to àwọn ọmọdé ṣáájú àgbà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ní kò bójú mu. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó dàgbà jù."

"Lórí Ẹ̀rọ Funfun ńkọ́?"

"Òyìnbó tó gbé e wá láti Faransé ló to ìyẹn. Bí a ṣe dé ẹnu iṣẹ́ tẹ̀lé ara wa ló ṣe tò wá."

Jímọ̀ jókòó. Ó ní kó ṣàlàyé fún òun bí ẹni ń ṣàlàyé fún Bàbá Àyìndé. Ṣé orúkọ ni ẹ̀rọ ń kọ sára ìwé tí ènìyàn bá fi pamọ́? Félicité ní rárá, nọ́ńbà ni. Bí ẹnì kan bá bèèrè ẹni tó ni ìwé, ẹ̀rọ á wo nọ́ńbà náà, á ṣí ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, á sì pe orúkọ tó bá bá a mu níbẹ̀.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu.

"Ìwé orúkọ méjì ló wà," ni Jímọ̀ wí. "Ẹ̀rọ méjì, ìwé orúkọ méjì, wọ́n sì jọ ń kó ẹrù sínú àká kan. Ọmọbìnrin yìí, kọ nǹkan lórí èyí. Ohunkóhun."

Félicité kọ ọ̀rọ̀ méjì péré, ó fi ránṣẹ́ gba inú okùn. Wọ́n padà sí yàrá kìíní, wọ́n bi Ẹ̀rọ Funfun ẹni tó ni ín. Ẹ̀rọ náà ní Ràmọ́nù ni. Félicité ni 105 nínú ètò àgbà. Nínú ètò òyìnbó, Ràmọ́nù ni 105.

"Nọ́ńbà wo ni ti Odette níhìn-ín?"

"104."

Jímọ̀ kò béèrè ẹni tó jẹ́ 104 lára ògiri. Ó ti kà á. Ó jáde lọ bá Bàbá Àyìndé lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí i, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ.

"Bàbá, ta ló wá síbí ní ọjọ́ Àìkú?"

"Ará Kùtọ̀nú yẹn ti bi mí. Ó ní ṣé àlejò kankan wá. Mo ní àlejò kankan kò wá."

"Èmi kò béèrè àlejò."

Bàbá Àyìndé wò ó, ó sì wo òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Léonard wá, ọmọ mi. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kò pẹ́ púpọ̀."

*

Aago méjì kọjá nígbà tó wọ yàrá Léonard, tó sì pa ilẹ̀kùn dé. Nǹkan kan ń sọ fún un pé kó yí padà. Bí ó bá dákẹ́, Odette á lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n jọ pín búrẹ́dì jẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò lọ. Kò rí ọ̀nà kẹta. Ó sọ ohun tó rí, láti orí ìròyìn kànga Lèma dé orí bébà ara ògiri, níbi tí orúkọ Léonard ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 104. Léonard gbọ́ ọ dópin.

"Kì í ṣe Moscow ni ọmọ mi wà," ni Léonard wí.

"Mo ti mọ̀ báyìí."

"Ọdún mẹ́ta, Jímọ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì rò pé mo ti nù ún kúrò. Ẹ̀dà kan ló kù nínú àká níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń mú iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dárúkọ Odette, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

"O sì dákẹ́."

"Gbogbo ayé rí i ní Àrìgbó. Mo rò pé wọ́n á tú u sílẹ̀."

Léonard ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti kọ̀wé sí àwọn olórí òun. Òun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ìwé orúkọ di ẹyọ kan, lọ́wọ́ olùṣọ́ kan tí ẹ̀rọ méjèèjì yóò máa bi, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn ènìyàn má sì máa rìn ní ìhòòhò nínú okùn. Wọ́n dáhùn pé ìyẹn kò tíì kàn.

"Òyìnbó yẹn sọ fún mi pé kí n da ètò tirẹ̀ kọ bó ṣe wà. Mo wò ó, mo rí Odette, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣáájú Ràmọ́nù. Ìyá mi ì bá ti nà mí."

Ó dìde, ó wọ ẹ̀wù ìlékè rẹ̀, ó sì bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Jẹ́ ká lọ kí aago mẹ́rin tó lù."

*

Kọmisẹ́ẹ̀ Nicolas gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó bá wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Félicité tún kọ ọ̀rọ̀ méjì, Ẹ̀rọ Funfun tún pe Ràmọ́nù. Wọ́n ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣe é, kò yàtọ̀. Ràmọ́nù yọjú lójú fèrèsé, ó ní tí òun bá tún kọ nǹkan kan lónìí ọwọ́ á máa ro òun, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bá a rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Lẹ́yìn náà Léonard sọ pé òun ni òun kọ ìwé náà. Ó sọ ọ́ lédè Faransé, ó sì sọ ọ́ lédè Ìdáàṣà, kí gbogbo ẹni tó dúró lè gbọ́.

"Ó yé mi," ni Kọmisẹ́ẹ̀ wí. "Iṣẹ́ tó dára ni, Kamaráàdì Jímọ̀."

"Nígbà náà, kí wọ́n tú ọmọbìnrin náà sílẹ̀."

Kọmisẹ́ẹ̀ yọ aṣọ ìnujú, ó nu ọrùn rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni tó rẹ̀.

"Ní àná, mo fi orúkọ Odette ránṣẹ́ sí Kùtọ̀nú. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí mo bá débẹ̀ láìsí Odette, tí mo ní ẹ̀rọ kan pe orúkọ ẹnì kan tí kì í ṣe òun, èmi ni wọ́n á bi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé mo lè ṣàlàyé ètò àgbà fún wọn? Méjèèjì ló ń bọ̀. Kí wọ́n lọ ṣàlàyé ara wọn."

Léonard ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ náà. Òun nìkan ni òun mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé olórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tó lágbára lórí gbogbo orúkọ. Òun á tún nọ́ńbà náà ṣe, kí Ẹ̀rọ Funfun lè pe orúkọ ẹni tó kọ ọ́ gan-an.

"Kí o lè fọwọ́ kan ẹ̀rí?" ni Kọmisẹ́ẹ̀ wí. "Rárá."

*

Ọkọ̀ ojú irin dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó ń ta iṣu sísun sáré sí ojú fèrèsé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Odette ló kọ́kọ́ gòkè, Léonard tẹ̀lé e. Ó fẹ́ bá Odette sọ̀rọ̀, Odette yí ojú rẹ̀ sí òkè Àrìgbó.

Jímọ̀ dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fẹ́ sọ pé kò ní pẹ́, kò sì lè sọ ọ́.

"Bàbá," ni Odette wí, "ẹ rántí pa àdán tó wà lájà yàrá Màmá Isabelle. Mo ní mo máa ṣe é ní Sátidé."

"Màá ṣe é."

Ọkọ̀ náà gbéra. Ó dúró títí irin ojú ọ̀nà fi dákẹ́.

Kò lọ sílé. Ó padà sí ilé-iṣẹ́ kànga, níbi tí Félicité ti ń pa fèrèsé dé, ó ní kó jókòó sídìí Ẹ̀rọ Funfun, kó yọ orúkọ Odette kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Félicité gbìyànjú láti wọlé pẹ̀lú orúkọ Odette. Ó tẹ Isabelle, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, Jímọ̀ sì ń wo ìka rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ̀. Ní àná, Kọmisẹ́ẹ̀ ti ní kí Léonard ti ọ̀nà Odette pa, Léonard sì ti tì í.

"Ta ló lè ṣí i?"

"Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ olórí ẹ̀rọ."

"Ṣé kò kọ ọ́ síbì kan?"

"Ọ̀gá Léonard? Òun ló kọ́ wa pé a kì í kọ ọ́ síbì kankan."

Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Àyìndé ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá bóyá wọ́n ti dá wọn padà. Jímọ̀ fa àga, ó jókòó. Ó ní kí Félicité tún bi ẹ̀rọ náà, lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tó kọ ìwé ìlà mẹ́fà.

Félicité bi í.

Ẹ̀rọ náà ní Odette ni.